Àpótí Kọ̀ǹpútà Tí Ẹnì Kan Kò Lè Dá Dé

Òkè Ọ̀bà, Èrúwà.
Oṣù Kẹta, 1997.

Mùkáílà Àjàní, ọmọ mi àtàtà,

Asalaamu alaekun. O kú iṣẹ́, o kú ìrìn, o kú ìfaradà Èkó. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bí o bá béèrè wa, a wà, a ń jẹ, a sì ń sùn. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún yìí, nítorí náà ara mi le koko. Búrẹ́mọ̀ àbúrò mi ti ra alùpùpù, ó sì ti ṣubú lórí rẹ̀ lọ́nà Ayétẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkàn rẹ balẹ̀, nǹkan kan kò ṣe alùpùpù náà. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ sáyé lọ ti tún bímọ, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ilé.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ohun méjì ni o sọ nínú rẹ̀. O ní o gbọ́ pé kọ̀ǹpútà tí o rà fún Àmínà àbúrò rẹ ń yọ wá lẹ́nu, pé àpótí rẹ̀ ló kéré jù, pé bí o bá wálé Iléyá wàá gbé e padà sí Èkó lọ fi àpótí ńlá pààrọ̀ rẹ̀. O tún ní ọ̀rẹ́ rẹ Láwàl tó ń ta aṣọ yóò bá ọ wá, pé ó rí fọ́tò Àmínà lọ́wọ́ rẹ, ó sì fẹ́ fi ṣe aya, pé bí mo bá ti gbà, kí Àmínà kẹ́rù rẹ̀ tẹ̀lé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Èkó. O ní kí n tètè fèsì. Mo ti ní èsì, ó sì dá mi lójú, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn. N óò tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé bàbá rẹ ti ń ṣarán.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà dé, gbogbo agbo-ilé ló jáde. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pátákó tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ tún sọ̀, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan àpótí irin tí Àmínà ní òun gan-an ni kọ̀ǹpútà, tí wọ́n rí i pé ó rí pẹlẹbẹ, wọn kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Búrẹ́mọ̀ béèrè bóyá kò tíì dàgbà ni. Mo dá a lóhùn pé bí abẹ́rẹ́ ti wulẹ̀ kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Àmínà ṣàlàyé pé ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é ní kékeré kí ó má baà gba gbogbo orí tábìlì, pé ohun gbogbo tó wà nínú ńlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fún wọn mọ́ ara ni. Ìyẹn yé mi dáadáa. Èmi náà ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé yàrá kan rí, mo mọ̀ pé bí a bá fún èèyàn mọ́ ara, wọn kò ní í ṣàì jà.

Àmínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń wá. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìsìnkú ń wá, ẹni tó fẹ́ tẹ ti ìkómọ ń wá, kódà láti Lánlátẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà níwà. Inú rẹ̀ máa ń gbóná, fáànù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè, ológbò Búrẹ́mọ̀ sì ti fi orí rẹ̀ ṣe ibùsùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ni, mo fi aṣọ tútù lé e lórí bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀yin ọmọ nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Àmínà figbe ta, ó ṣí i kúrò kíá. N kò bá a jà. Mo ṣáà rí i pé ara ẹ̀rọ náà fúyẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án náà níwà tirẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rì wọlé, kò ní í jáde mọ́, Àmínà á wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan máa yọ ọ́. Èmi kì í lo ìgbálẹ̀. Mo máa ń ṣe Bìsìmílà, n óò gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, á sì fò jáde. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò ṣeé gbá o, bí o bá gbá a lọ́tùn-ún á kú pátápátá, ohun tí Àmínà ti ń tẹ̀ láti àárọ̀ á sì bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá a lọ́tùn-ún.

Èyí tó kó ìdààmú bá mi jù ni pé ó máa ń ta èèyàn. Pálọ̀ tí mo ti ń kírun ni a gbé e sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ibi tó dára tí a lè ki wáyà bọ̀ wà lára ògiri. Nítorí ẹní ìkírun mi, mo ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọbẹ̀. Mo sì tún pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilé ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, nítorí ohun tí ọmọ èèyàn ń ti ibẹ̀ jẹun, ó yẹ kí a fi ìmọ́tótó sún mọ́ ọn. Ṣé ìyẹn burú? Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe àlùwàlá tán, tí omi ṣì ń kán lọ́wọ́ mi, tí mo fẹsẹ̀ lásán dúró, tí mo fọwọ́ ba irin rẹ̀, á ta mí jìì bí ọmọ àkeekèé. Ó ta Búrẹ́mọ̀. Ó ta Alùfáà Sàlámì, lemọ́mù wa, ẹni tí ìrun kan kì í fò, ó sì pe orúkọ Ọlọ́run lọ́nà tí n kò gbọ́ rí.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ta ni Tísà Japheth. O kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Lánlátẹ̀ ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíramà tó wà lápá ẹ̀yìn wa. Ìdánwò ló gbé wá kí Àmínà bá a tẹ̀, ó bá kọ̀ǹpútà náà níbi tó ti ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ní òun mọ ohun tí òun lè ṣe sí i, láti ìgbà náà ló ti ń wá. Bàtà rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀, okùn rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yọ̀ǹda pé kó máa wọ̀ ọ́ wọlé, kó ṣáà ti yẹra fún ẹní mi. Kì í ṣe àlùwàlá. Á wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, á fi ọwọ́ gbígbẹ gbá irin náà mú, nǹkan kan kò sì ní í ṣe é. Mo rò ó títí. Mo bi Àmínà bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni o ti ra ẹ̀rọ náà. Ó ní rárá, ilé iṣẹ́ kan ló tà á fún ọ. Ọkàn mi kò balẹ̀, àfi ìgbà tí Ìyá Rebecca, àgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wá tẹ ìwé ìsìnkú, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí ọ̀wọ̀ mi, tó sì fọwọ́ ti irin náà. Ó ké Jésù débi pé ológbò fi ilé sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ náà kò ṣe ẹ̀sìn kankan.

Wàyí o, ìdérí rẹ̀. Nítorí pé inú àpótí náà há, bí wọ́n bá ti ṣí i láti gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù, kì í fẹ́ dé mọ́. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbérí sókè bí ejò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀ kí ẹnì kejì tó lè yí síkúrù. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Mo dán an wò, síkúrù fò, inú ẹ̀wà ni a ti rí i. Nítorí náà Tísà á tẹ̀ ẹ́, Àmínà á yí i. Lọ́jọ́ mìíràn Àmínà á tẹ̀ ẹ́, Tísà á yí i. Síkúrù tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà lè gbà wọ́n láti ìrun ọ̀sán títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀, nítorí iṣẹ́ rere kì í yá. Ọmọkùnrin náà ní sùúrù. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ti dé e tán, Àmínà á ní òun tún ń gbọ́ ariwo kan nínú rẹ̀, wọ́n á tún tú u. Èmi kì í gbọ́ ariwo náà, ṣùgbọ́n etí mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí iná ti lọ láti àná, Tísà ṣì wá, ó ní ìgbà tí kò sí iná gan-an ló dára kí èèyàn tún un ṣe. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Àmínà náà mú iṣẹ́ náà lọ́kùn-únkúndùn, ó ti ń lé tìróò sójú ní gbogbo ọ̀sán, mo rò pé ó ń jẹ́ kó rí síkúrù dáadáa.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo kà á sí Àmínà létí. Ó ní ohun tí bàbá òun bá fẹ́ ni òun fẹ́, ó sì wọ ilé ìdáná lọ gé àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà náà mú gan-an, torí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí Tísà dé, mo fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún un pé Láwàl ń bọ̀ láti Èkó wá fẹ́ Àmínà, pé Àmínà àti kọ̀ǹpútà yóò jọ lọ lẹ́yìn Iléyá. Síkúrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́ sínú àpótí. A dojú àpótí dé, a gbọ̀n ọ́n, a gbọ̀n ọ́n, kó tó jáde. Tísà jókòó, kò mu omi tí a gbé fún un. Lẹ́yìn náà ló wá ní ẹ̀rọ náà kò tíì ṣeé gbé rìnrìn àjò, pé ohun kan wà tó yẹ kí òun ti ṣe fún un tipẹ́.

Ó ní ìdí tó fi ń ta wá ni pé iná tó ṣìnà sára àpótí náà kò rí ọ̀nà wọlẹ̀, ló ṣe ń gba ara wa kọjá. Ó ní a óò ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, a óò fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, kí iná náà lè máa gba ibẹ̀ lọ. Ó ń ṣàlàyé, ó ń tún un ṣàlàyé, kò mọ̀ pé ó ti yé mi tipẹ́. Ìwọ́ ni. Ọmọ tí a kò ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, báwo ni ara rẹ̀ yóò ṣe balẹ̀? Ẹ̀yìn ilé kan náà ni mo ri ìwọ́ tìrẹ sí, ibẹ̀ ni mo ri ti Àmínà sí. Mo ní kó lọ wá irin.

O mọ ẹ̀yìn ilé wa, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, n kò tíì jẹun àárọ̀ tán tí Tísà fi dé, kò sì dá wá. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, tísà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n gbé díígà, wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi orin ṣe é. Nígbà tí wọ́n ri irin tán, wọ́n rí ibi tí ògiri ilé ìdáná ti là, wọ́n bá po ẹrẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Mo dúró ń wò wọ́n, orí mi wú. Mùkáílà, o ti pẹ́ ní Èkó, bóyá o ti gbàgbé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n gbé ọkọ́, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lágbàlá àgbà tó ní ọmọbìnrin nílé, kí là ń pè é? Kì í ṣe àáró, nítorí wọn kò retí kí èmi wá bá wọn gbẹ́ tiwọn. Ọ̀wẹ̀ ni. Ọ̀wẹ̀ àna ni. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe fún bàbá ìyá rẹ, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi, a kọ ebè fún un títí ọwọ́ wa fi bó. Báyìí ni mo ṣe mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi, pé Tísà Japheth ń fẹ́ ọmọ mi. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí kò sí àmì kankan tẹ́lẹ̀.

Bí àgbà kò bá fẹ́ irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀, á fún wọn ní gààrí àti omi, á ní ẹ ṣeun, ó parí. Bí ó bá fẹ́ ẹ, á bọ́ wọn bí àna, ọ̀rọ̀ sì ti di àjọmọ̀ nìyẹn, kò ní í lè fi ọmọ náà fún ẹlòmíràn mọ́. Mo wojú fèrèsé, mo rí Àmínà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé. Mo pa àkùkọ ńlá. Mo ní kí wọ́n gúnyán. Mo ránṣẹ́ pe Alùfáà Sàlámì kó wá jókòó tì mí. Nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, mo dìde, mo ní àna mi, o kú iṣẹ́, mo ti gba ọ̀wẹ̀ rẹ, sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀.

Òkèlè há tísà kan lọ́fun, àwọn yòókù ń lù ú lẹ́yìn. Japheth wo ọkọ́, ó wo irin tí wọ́n rì, ó wo Àmínà. Àmínà fi ìborí bojú, ó sá wọlé. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin náà nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, kò sì dìde títí tí mo fi ní kó dìde. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tán, ó padà wá bá mi, ó rọra béèrè báwo ni mo ṣe mọ̀, pé nítorí iná nìkan ni òun ṣe wá gbẹ́lẹ̀, pé láti ìgbà ọyẹ́ ni òun ti ń wá bí òun yóò ṣe là á fún mi. Mo ní ojú àgbà ni.

Kí o má baà sọ pé mo fi ipá ṣe é, mo pe Àmínà, èmi àti òun nìkan, mo ní bí ó bá jẹ́ pé ti Láwàl ló wù ú, n óò pa àkùkọ kejì, n óò fi bẹ Japheth. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àkùkọ kejì máa kọ. Bí o bá sì fẹ́ sọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni lóòótọ́. Ìyá ìyá rẹ náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú, kò sì sí Iléyá tí kò bá wa jẹ ẹran. Alùfáà Sàlámì ti bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fagbára fa ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti gbà.

N óò sọ òótọ́ kan fún ọ. Nígbà tí mo kà á pé Àmínà ń lọ sí Èkó, àyà mi já. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bàbá kì í ti ọmọbìnrin mọ́lé nítorí pé ẹ̀rù ìdánìkanwà ń bà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Hàlímọ̀ ìyá rẹ ti kú, ohùn Àmínà nìkan ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ nínú ilé yìí. Lánlátẹ̀ kò jìnnà. Bí mo bá gun ẹ̀yìn alùpùpù, n kò ní í ka tẹ̀sùbáà mi jìnnà tí n óò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èsì mi nìyí. Má gbé àpótí ńlá kankan wá. Ẹ̀rọ tí ẹnì kan bá lè dá dé, ẹnì kan náà ni yóò máa dá jókòó tì í. Bá mi kí Láwàl dáadáa, sọ fún un pé a kò kórìíra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ti bọ́. Ìwọ gan-an lo sì ni ẹ̀bi. Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ ló fi wọ́n mọ ara wọn, ìwọ ni alárinà, bí ọkọ àti ìyàwó bá sì ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀ba. Yẹ̀ba, ọmọ mi.

Àwọn òbí Japheth ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá wá mọ̀ wá. Fi owó ránṣẹ́ kí n ra àga tí wọn yóò jókòó lé, èyí tí a ní ti yẹgẹrẹ. Fi ti bàtà rọ́bà kún un, ti gbogbo ará ilé, nítorí Japheth ní bí irin náà tilẹ̀ ti wọlẹ̀, kí a má fẹsẹ̀ lásán dán an wò, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn nu ọwọ́ lẹ́yìn àlùwàlá. Owó ọkọ̀ tí o fẹ́ san fún Láwàl, fi ìyẹn náà kún un.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí owó, ìwọ ṣáà máa bọ̀. Lọ́dún tó kọjá o ní wàá wálé Iléyá, a gé itan àgbò pamọ́ dè ọ́ títí ó fi bàjẹ́. Bí àwọn àna bá dé, wọn yóò béèrè bàbá ìyàwó, n óò dìde. Wọn yóò béèrè ìyá ìyàwó, n óò tún dìde, nítorí mo ti ń ṣe ìyẹn náà láti ọjọ́ tí a ti sin Hàlímọ̀. Bí wọ́n bá wá béèrè ẹ̀gbọ́n ìyàwó, Mùkáílà, n kò lè dìde.

Kí Ọlọ́run sìn ọ́ wálé láìfarapa, kó sìn ọ́ padà láìsọnù. Ibi tí o bá fọwọ́ sí, kó máa yọrí. Ọmọ tìrẹ náà yóò máa rántí ilé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì, ọkọ Hàlímọ̀.